Ọwọ́ Tí Kò Mọ Iná

Páànù búrẹ́dì ló gbé obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò lè gbé páànù láti ìdí ààrò dé orí tábìlì kó má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn sì ń ro ó. Ìyá rẹ̀, tó ni ilé búrẹ́dì, ní kó lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kó tó di pé ó fi páànù fọ́ oníbàárà lẹ́sẹ̀.

Dókítà tó bá níbẹ̀ kò tíì pẹ́ ní ilé ìwòsàn náà. Àìsàn ọpọlọ àti iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn kankan tó tíì mú kó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe.

Obìnrin náà wọlé, ó kí i, ó jókòó, ó wo àwòrán egungun èèyàn tó wà lára ògiri.

"Dókítà," ó ní, "ṣé ẹni yìí náà ṣe àìsàn dé ọ̀dọ̀ yín ni, àbí ibí ló ti rù?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó bi í pé kí ni wọ́n ń pè é nílé.

"Ọwọ́-Irin ni. Màmá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù a máa fi aṣọ tó nípọn di ọwọ́ kí wọ́n tó yọ búrẹ́dì. Èmi, àkísà fẹ́lẹ́ ti tó mi."

Dókítà tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló padà wá di ẹ̀gún sí i lọ́kàn.

Ó ní kí ó di ojú, kí ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ó mú òwú, ó fi ń kan ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó máa sọ ibi tó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ọwọ́-Irin kò ṣì í rárá. Dókítà gbé irin tó ń gbọ̀n lé eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní ó ń ṣe bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú ìgò. Dókítà di ìka kan mú, ó gbé e sókè díẹ̀, ó bi í bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó yẹ kí Dókítà mú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó yẹ kó bu omi gbóná sínú ìgò kékeré kan, kó bu tútù sínú èkejì, kó fi wọ́n kàn án lápá. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà iṣan láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ìfọwọ́kàn ní ọ̀nà tiẹ̀ tó ń gbà dé ọpọlọ, ìrora àti ooru sì ní tiwọn. Èèyàn lè pàdánù ọ̀kan kí èkejì má sì yẹ̀. Dókítà mọ èyí bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó di ojú, ẹ̀rín díẹ̀ sì wà létí ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.  Ojú ti Dókítà. Ó rò ó pé bí òun bá tún di ọwọ́ yìí mú díẹ̀ sí i, kì í ṣe iṣẹ́ lòun ń ṣe mọ́. Ó yára fi í sílẹ̀.

"Ṣé ó ti tán?" Ọwọ́-Irin bi í.

"Ó ti tán."

Ó ní àṣejù iṣẹ́ ló fà á. Ó fún un lóògùn ìrora, ó ní kó sinmi. Bó ṣe jáde tán, Dókítà jókòó, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ògiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú.

Kò pẹ́ tó fi mọ ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ní òun wá wo bí ọrùn ṣe ń ṣe é. Ní ìgbà kejì, ó ní búrẹ́dì ló wá rà. Nígbà tó yá, kò wí àwíjàre kankan mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń jẹ búrẹ́dì ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Dókítà Oníbúrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ń rí búrẹ́dì lórí tábìlì, lórí fèrèsé, nínú àpò ìwé. Ó bi í pé, "Àbúrò mi, ṣé a fẹ́ ṣí ìsọ̀ ni, àbí o kò fẹ́ sọ orúkọ ọmọ náà fún mi?"

Màmá oníbúrẹ́dì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bó bá ti dé, Màmá a ti nu ìjókòó fún un. Ta ni yóò rí dókítà lẹ́nu ọ̀nà tí yóò ti ilẹ̀kùn?

Lọ́jọ́ kan, Ọwọ́-Irin ń bá a sọ̀rọ̀, ó ṣèèṣì fi "ìwọ" pè é níbi tó yẹ kó ti sọ pé "ẹ̀yin".  Dókítà ní kó má pa á dà mọ́. Ó ní òun náà ò fẹ́ máa pè é ní Ọwọ́-Irin.

"Irin kì í rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ọ̀wọ́n ni màá máa pè ẹ́, torí pé o wọ́n lójú mi."

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀wọ́n ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu Dókítà. Àwa náà yóò máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ búrẹ́dì, ó gbé páànù sórí tábìlì tó wà láàárín òun àti Dókítà. Ó ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó jẹ búrẹ́dì dé ìdajì tó wá dá ìyókù padà pé ó le. Ó ń sín ọkùnrin náà jẹ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló fara ti tábìlì, ó sì fi apá ọ̀tún lé etí páànù. Dókítà ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó gbọ́ òórùn kan.

"Nǹkan kan ń jóná," ó ní.

Ọ̀wọ́n náà fi imú fa afẹ́fẹ́. "Bóyá èyí tó kù nínú ààrò ni." Ó yí orí padà sí ààrò. Apá rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Dókítà wo orí tábìlì. Ara Ọ̀wọ́n ló ń jó. Ó já apá náà gbà kúrò lórí irin, awọ sì kù sórí páànù.

Ọ̀wọ́n wo apá rẹ̀, ó wo Dókítà. Kò sí ìrora lójú rẹ̀ rárá, àfi ìyanu. Ó mọ̀ pé Dókítà di òun lápá mú, ó tiẹ̀ ní ó fún òun jù. Iná nìkan ni kò mọ̀.

"Kí ló dé tí kò dùn mí?" ó bi í.

Dókítà wo egbò náà. Ó mọ èsì ìbéèrè náà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Òwú tó fi kan ìka rẹ̀ padà wá sí i lójú, àti abẹ́rẹ́ tó wà nínú àwo rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn, àti ẹ̀rín tó rín nígbà tí obìnrin kan sọ fún un pé òun ń fi àkísà fẹ́lẹ́ yọ irin nínú iná.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà sọ fún Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin àgbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, pé kò yẹ kí òun tọ́jú rẹ̀ mọ́ nítorí pé àwọn ń fẹ́ra wọn. Ọ̀gá ní ó ṣe dáadáa, ó sì gba ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́. Láti èjìká Ọ̀wọ́n méjèèjì dé orí ìka rẹ̀, bí ẹni tó da ìborùn bora, kò mọ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Omi gbóná àti tútù, bákan náà ni wọ́n rí lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara fi ihò gígùn kan hàn láàárín mùdùnmúdùn ẹ̀yìn rẹ̀, okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, ní ìsàlẹ̀ ọrùn, omi sì kún inú ihò náà.

Màmá kò lóye rẹ̀. Ó ní ọmọ òun mọ̀ ọ́n bí ẹ̀fọn bá bà lé e, báwo ni kò ṣe wá ní mọ iná?

"Ọ̀nà méjì ló wà, Màmá," Ọ̀gá ṣàlàyé. "Ọ̀nà ìfọwọ́kàn a máa gba ẹ̀yìn gòkè tààrà, kì í sọdá títí yóò fi dé ibi tí ọrùn ti pàdé orí. Ọ̀nà ìrora àti ooru ò ní sùúrù. Bó bá ṣe wọ inú mùdùnmúdùn báyìí ni yóò gba àárín sọdá sí òdìkejì. Àárín gan-an lomi ti ya ilé lára ọmọ yín. Ó ti já àwọn tó ń sọdá. Àwọn tó ń gba ẹ̀yìn lọ, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọ̀gá pe Dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Nígbà tó kọ́kọ́ wá bá ọ, ṣé ó mọ abẹ́rẹ́ lára?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni. Nọ́ọ̀sì méjì ń kọjá lọ. Ẹnu Dókítà ṣí kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n, mà."

Ojú Ọ̀gá yí padà. Ó ní bó bá jẹ́ láàárín ìgbà kékeré yìí ni omi náà ṣe gbogbo èyí, a jẹ́ pé ó ń sáré. Egbò apá Ọ̀wọ́n ti ní ọyún, kò sì dára kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn èèyàn nígbà tí irú egbò bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀, torí pé ìdọ̀tí rẹ̀ lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí wọ́n ṣí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró kí egbò jinná, omi lè sọ apá méjèèjì di rírọ. Nínú ewu méjì, ó ní àwọn yóò gba ti kíkánjú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Dókítà sọ. Ọ̀rọ̀ náà ló fẹ́ gbé Ọ̀wọ́n lọ sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ó lọ jókòó tì í. Wọ́n ti wé apá rẹ̀. Ọ̀wọ́n fi ọwọ́ òsì mú un.

"Dókítà mi," ó ní, "Ọlọ́run ló rán ẹ wá lọ́jọ́ yẹn. Ká ní o ò sí níbẹ̀, apá yìí ì bá ti jóná dé eegun."

Màmá náà ṣàdúrà fún un. Ó ní ọmọ òun ni láti òní lọ, ó sì fi ọwọ́ lé e lórí.  Bí wọ́n bá gbá Dókítà létí ni, ì bá sàn fún un. Ó tọrọ àyè, ó lọ dúró sí ilé ìwẹ̀, ó ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i pé kò jẹun. Ó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ó fi jẹ́wọ́ fún un.  Ẹ̀gbọ́n rán an létí ohun tí bàbá àti ìyá wọn rí kó tó di dókítà, ó rán an létí pé òun fúnra òun kúrò nílé ìwé kí ó lè lọ.

"Má sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi ọ́," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi mí. Mo purọ́."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ìtìjú náà máa bá. Síbẹ̀, nígbà tó bá di ojú, òórùn awọ tó ń jó ló ń gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó lọ bá Ọ̀gá nínú yàrá rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní òun kò lo abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun kò lo omi gbóná, òun kò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ tí obìnrin náà kò ti mọ iná. Ó ní bí òun bá wo ọ̀rọ̀ àkísà yẹn dáadáa, ó gbọ́dọ̀ ti pẹ́.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló dé tí o ò lò ó?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú, mà. Mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́."

Ọ̀gá kò pariwo. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú títí egbò yóò fi jinná. Lẹ́yìn náà ló wá wo Dókítà, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ti kọjá kí wọ́n nà án.

"Obìnrin yìí tí o ní o fẹ́," ó ní, "ṣé ìfẹ́ ni, àbí ètùtù lò ń ṣe?"

"Ó dá mi lójú tẹ́lẹ̀, mà. Kò dá mi lójú mọ́."

"Lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ara."

Ìrìn láti yàrá Ọ̀gá dé ibùsùn Ọ̀wọ́n kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Dókítà wúwo bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, ó ń bó ọsàn. Dókítà kúnlẹ̀. Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ òun ló wá tọrọ. Nígbà tí Dókítà sọ̀rọ̀ tán, ọsàn ti bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

"Ẹ tún un sọ, Dókítà," Màmá ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá etí mi ló ṣì gbọ́."

Ó tún un sọ.

"Ìwọ," Màmá ní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra wọn, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ ni mo fi ọwọ́ lé lórí. Ìwọ lò ń jẹ búrẹ́dì mi. Dìde níbẹ̀ kí n má bàa ṣe ohun tí ọjọ́ orí mi kọ̀."

Dókítà kò dìde. Ọ̀wọ́n ló ń wò. Ọ̀wọ́n ń yí etí aṣọ ibùsùn láàárín ìka.

"Abẹ́rẹ́ tí o ò mú," ó ní níkẹyìn, "mo lè gbé ìyẹn mì. Èmi náà ń wò ẹ́ lábẹ́ ìpéǹpéjú lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi ọ́, o ti mọ̀ pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n fẹ́ ṣí. O mọ̀ ọ́n, o wá jókòó tì mí, o jẹ́ kí n máa dúpẹ́."

Ó yí ojú sí ògiri. Dókítà dìde, ó jáde.

Egbò Ọ̀wọ́n jinná kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Omi fà. Agbára padà sí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru àti ìrora kò padà. Ọ̀gá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí omi bá ti já, ó ṣòro kó tún so. Dókítà kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì ló ti ń gbọ́. Ilé ìwòsàn ti fi ìyà jẹ ẹ́: wọn ò gbà kó dá wo aláìsàn mọ́ àfi kí àgbà kan wà níbẹ̀, àwọn tó kéré sí i lẹ́nu iṣẹ́ sì ń wò ó láwòfín. Ó gbà á. Àwọn ọjọ́ kan wà tó tiẹ̀ ń wù ú kí ìyà náà tún le sí i. 

Kò lọ sí ilé búrẹ́dì. Bó bá fẹ́ kọjá, a máa gba ọ̀nà tó jìn. Ó ń ro Ọ̀wọ́n ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rù sì ń bà á láti rò ó, bí ẹni tó ń jí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan, ó ń jáde níbi iṣẹ́, ó rí Màmá oníbúrẹ́dì lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Màmá ní kó dìde, kó jókòó, ìyẹ̀fun wà lára aṣọ òun, kó má ba tiẹ̀ jẹ́.

Wọ́n jókòó. 

"Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọwọ́-Irin," Màmá ní. "Mo máa ń pe oníbàárà kí wọ́n wá wo bó ṣe ń yọ páànù. Mo máa ń rí ibi tó ti jó o lápá, mo wá ń sọ pé ọmọ mi kì í ké, ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwọ fojú fò ó lẹ́ẹ̀kan. Èmi fi ń ṣe fáàrí láti ìgbà tí mi ò tiẹ̀ rántí mọ́."

"Màmá, ẹ̀yin kì í ṣe dókítà."

"Ìyá ni mí." Ó nu ojú pẹ̀lú etí aṣọ. "Mi ò wá dárí jì ẹ́ o. Ti ara mi gan-an, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo wá sọ ni pé ọmọ mi ń bínú sí ẹ, àti pé ojoojúmọ́ ló ń bínú. Ẹni tí a ti yọ lọ́kàn, a kì í ráàyè bínú sí i lójoojúmọ́."

Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun aṣọ rẹ̀ dànù, ó sì lọ.

Dókítà lọ sí ilé búrẹ́dì ní ọjọ́ kejì. Ọ̀wọ́n wà nídìí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti rọ̀ tó. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, àwọn mìíràn ló ń dúró ti ààrò. Ó rí Dókítà, kò sọ nǹkan kan. Àpò ìyẹ̀fun wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé èyí tó wà nílẹ̀ tán, ó wá ń wá èyí tí yóò tún gbé.

"Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́?" Ọ̀wọ́n bi í.

"Kò sẹ́ni tó gbà mí."

"Mo ní alágbàṣe tó tó. Bó bá jẹ́ pé o wá fi ẹ̀yìn ru ẹ̀ṣẹ̀ ni, máa lọ."

Dókítà dúró síbẹ̀. Ìyẹ̀fun ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ọ̀wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

"Jẹ́ kí n bi ọ́," ó ní. "Ká ní apá mi ò jóná, ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

"Kó tó jóná ni mo ti fẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló fa gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò wò ẹ́ dáadáa." Ó wò ó lójú. "Irọ́ tí mo pa, ẹ̀rù ló pa á, kì í ṣe ìfẹ́. Mi ò ní àwáwí fún ìyẹn. Ẹ̀bi rẹ̀ wà lára mi, Ọ̀wọ́n, mi ò sì rò pé yóò lọ."

"Kò ní lọ," Ọ̀wọ́n ní. "Èmi náà ò ní kó lọ. Ó lè máa gbé inú ilé pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Mi ò fẹ́ ọkọ tí yóò máa fi ojú ẹlẹ́wọ̀n wò mí."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pò ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, láìwòkè, ó ní kí Dókítà lọ fọ orí rẹ̀, kó wá jókòó.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Ọ̀wọ́n kì í dá a lóhùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń bi í léèrè ohun kékeré kan, tí yóò sì wá bi í pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Dókítà a máa dáhùn láìbínú. Ó mọ̀ pé òun lòun gbin ìbéèrè náà.

Nígbà tí Dókítà mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀, ìyá Dókítà ń wò ó tìfura-tìfura. Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ kò fọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní ọmọ náà dára, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wí pé ẹ̀bi ló lé ọmọ òun débẹ̀. Ó tún ní ohun kan ń ba òun lẹ́rù: obìnrin tí kò mọ omi gbóná yàtọ̀ sí tútù, báwo ni yóò ṣe wẹ̀ fún ọmọ ọwọ́?

Ara Dókítà bù máṣọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọ̀wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n, bàbá," ó ní jẹ́jẹ́. "Màá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan bọ inú omi. Ọmọ yín yóò kàn máa rí ìyá tó ń ki ẹsẹ̀ bọ agbada kó tó wẹ ọmọ, kó má rò pé orí mi ti dà rú."

Bàbá wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, kó tó dé ẹnu. Ẹ̀gbọ́n Dókítà, tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yẹn, wọlé wá, ó dì mọ́ Ọ̀wọ́n, ó sì ní òun ni ẹ̀gbọ́n tó ní kí àbúrò òun dákẹ́. Ó ní kó jọ̀wọ́, kó fi orí jì òun náà. Ọ̀wọ́n ní àwọn tó ń tọrọ àforíjì nínú ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù, kí ẹnì kan jọ̀wọ́ gbé oúnjẹ wá.

Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, nínú yàrá kékeré kan tí àga inú rẹ̀ kò tó. Màmá wọ aṣọ tuntun, ìyẹ̀fun wà létí ìgúnpá rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá náà wá, ó dúró lẹ́yìn. Akọ̀wé tó ń so wọ́n pọ̀ ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Dókítà na ọwọ́ sí ọwọ́ òsì Ọ̀wọ́n, èyí tí kò ní àpá. Ọ̀wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó na ọ̀tún sí i, èyí tí awọ apá rẹ̀ hunjọ tó sì ń dán. Dókítà wò ó. Omi kún ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣí láti tún tọrọ àforíjì.

Ọ̀wọ́n ṣe ojú sí i, bí ìyàwó ṣe ń ṣe sí ọkọ tó fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ níwájú àlejò.

Dókítà pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó di ọwọ́ náà mú, ó fún un díẹ̀, Ọ̀wọ́n sì fún tiẹ̀ padà.